Muscadet Kì í Ṣe Moscato: Àlàyé lórí Wáìnì Funfun Agbègbè Nantes

Ẹni tó bá ti mọ Moscato, wáìnì aládùn, dáadáa, tó wá rí ìgò tí wọ́n kọ Muscadet sí lára, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Orúkọ wọn jọra, àwọ̀ wọn jọra, orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n sì máa ń tò wọ́n sí nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Á rà á, á gbé e sínú fíríìjì, á ṣí i nígbà tí àlejò bá dé. Gbogbo wọn ń retí ohun tó dùn, àfi bí wọ́n ṣe tọ́ ọ wò tí ojú wọn yí padà: kò dùn rárá, ó kan, ó sì fúyẹ́ lẹ́nu. Ẹnì kan á ní ọtí náà ti bàjẹ́. Òmíràn á ní ayédèrú ni. Kò bàjẹ́, kì í sì í ṣe ayédèrú. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn.

Mo fẹ́ràn Muscadet, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá dá a lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Wáìnì tí kò wọ́n ni, iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sì ju owó rẹ̀ lọ fíìfíì. Ìṣòro rẹ̀ kò ju pé orúkọ rẹ̀ ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ náà kò sì yé ẹni tí kò gbọ́ Faransé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn orúkọ sọ́tọ̀. Muscat ni orúkọ ìdílé àjàrà kan tó tàn káàkiri ayé. Òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Ẹni tó bá gbé ife ọtí rẹ̀ símú á rò pé èso àjàrà tútù ni wọ́n fọ́ sínú rẹ̀ lójú òun. Àwọn ará Ítálì ló ń pe Muscat ní Moscato. Moscato d'Asti, tó ń wá láti Piedmont ní àríwá Ítálì, dùn, ó máa ń hó díẹ̀, ọtí inú rẹ̀ kò sì pọ̀, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Muscadelle jẹ́ àjàrà mìíràn tí wọ́n ń gbìn ní ìhà Bordeaux, kì í sì í ṣe Muscat. Muscadine tún yàtọ̀: àjàrà olóòpo nínípọn tó ń hù fúnra rẹ̀ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni. Muscadet kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Ohun kejì tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé orúkọ ìlú tàbí agbègbè ni àwọn Faransé sábà máa ń fi pe wáìnì wọn. Ìlú ni Chablis, ìlú ni Sancerre, ìlú ni Bordeaux. Ṣùgbọ́n ẹ wá Muscadet lórí máàpù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá rò pé orúkọ àjàrà ni yóò tún rí i pé àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é, Melon ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba, tàbí Melon de Bourgogne gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pè é. Muscadet ni àwọn ará Nantes ń pe àjàrà náà àti ọtí rẹ̀ láti ayébáyé, òun ló sì mọ́ ọn lára.

Nantes wà ní ìwọ̀-oòrùn Faransé, níbi tí odò Loire ti ń múra àtiwọ Òkun Àtìláńtíìkì. Loire ló gùn jù nínú gbogbo odò Faransé, ó ju 1,000 kìlómítà lọ, oríṣiríṣi wáìnì ni wọ́n sì ń ṣe létí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: Sancerre wà lókè lọ́hùn-ún, Vouvray wà láàárín, Muscadet ló gbẹ̀yìn kí odò tó dé òkun. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbà àjàrà náà wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Nantes, láàárín àwọn òkè kéékèèké tí odò méjì kan gbà kọjá. Sèvre Nantaise ni ọ̀kan, Maine ni èkejì. Maine yìí kì í ṣe Maine ńlá tó gba ìlú Angers kọjá, kò sì bá ìpínlẹ̀ Maine ti Amẹ́ríkà ní nǹkan kan ṣe. Odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ inú Sèvre ni.

Òkun ni ọ̀gá níbẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìgbà òtútù le jù, kì í sì í jẹ́ kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbóná jù. Òjò ń rọ̀ dáadáa. Níbi tí oòrùn ti mú gan-an, ṣúgà inú àjàrà máa ń pọ̀ tí kíkan rẹ̀ á sì dín kù, ọtí tí wọ́n bá fi ṣe á wá le, á sì wúwo lẹ́nu. Ní ìhà Nantes, èso náà ń pọ́n láìjẹ́ pé kíkan rẹ̀ sá lọ, ìdí nìyẹn tí ọtí inú Muscadet fi sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdá 12 nínú 100, tí ó sì máa ń mú ẹnu dá ṣáká.

Báwo ni àjàrà tó ń jẹ́ Melon de Bourgogne ṣe kúrò ní Burgundy, ní ìlà-oòrùn Faransé, tó wá tẹ̀dó sí etí òkun ìwọ̀-oòrùn? Ní Burgundy ni wọ́n ti bí i lóòótọ́. Ní 1999, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ DNA àjàrà wò fi hàn pé Pinot àti Gouais Blanc ni òbí rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí náà ló bí Chardonnay, Aligoté àti Gamay. Ẹ rí i báyìí pé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n Chardonnay, ìyá kan bàbá kan, ni àjàrà tí ọ̀pọ̀ ń fojú tín-ín-rín. Chardonnay di ìlúmọ̀ọ́ká káàkiri ayé, Melon sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ibòmíràn tó fìdí múlẹ̀ sí ju Nantes lọ.

Àwọn oníṣòwò ará Holland ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ọ̀rúndún 17, àwọn ni wọ́n ń darí òwò ọtí ní etíkun yẹn. Wáìnì funfun tó fúyẹ́, tí kò wọ́n, ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè sè é, kí wọ́n gba oru rẹ̀, kí ó di bùráńdì. Torí tiwọn ni àwọn àgbẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àjàrà funfun lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tó wá di oṣù Kìíní ọdún 1709, òtútù kan sọ̀ kalẹ̀ lórí gbogbo Yúróòpù, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Odò dì, etí òkun pàápàá dì láwọn ibì kan, igi àjàrà kú lọ rẹrẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ọgbà gbìn ní ìhà Nantes, Melon ni wọ́n yàn jù nítorí pé ó lè fara da òtútù, ó sì tètè máa ń pọ́n. Láti ìgbà náà ló ti jókòó síbẹ̀.

Apá kan wà nínú ìtàn Nantes tí n kò lè fò dá, nítorí ó kàn wá. Láàárín ọ̀rúndún 17 sí 19, kò sí èbúté Faransé tí ọkọ̀ òwò ẹrú ti gbéra tó Nantes. Bùráńdì wà lára ẹrù tí wọ́n ń kó wá sí etíkun Áfíríkà, pẹ̀lú aṣọ, ìbọn àti owó ẹyọ. Ouidah, tí àwọn Faransé ìgbà náà ń pè ní Juda, wà lára ibi tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tí wọ́n kó sọdá òkun láti etíkun náà. Ní 2012, ìlú Nantes ṣí ibi ìrántí kan sí etí odò Loire fún ìfòpin sí òwò ẹrú. Wọ́n to gíláàsì sí ilẹ̀ ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, orúkọ ọkọ̀ ẹrú àti ọdún tí ó gbéra sì wà lára èyí tó ju 1,700 nínú wọn. Ẹni tó bá lọ mu Muscadet ní Nantes, kó fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ kó tó jókòó.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí inú ìgò, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó ṣòroó yé jù wà. Ọ̀rọ̀ Faransé méjì ni ẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ ìgò Muscadet: sur lie. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọtí náà sùn lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀.

Tí wọ́n bá ti ká àjàrà, nínú oṣù Kẹsàn-án lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á dà á sínú táǹkì. Ìwúkàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà inú omi náà, á sọ ọ́ di ọtí, á sì máa tú gáàsì jáde. Tí ìwúkàrà bá jẹ ṣúgà yẹn tán pátápátá, wáìnì náà kò ní dùn mọ́. Bí Muscadet ṣe di aláìdùn nìyẹn. Tí wọ́n bá dá iṣẹ́ ìwúkàrà dúró kí ṣúgà tó tán, adùn á ṣẹ́kù, bí wọ́n ṣe ń ṣe Moscato d'Asti nìyẹn. Kò sí ẹni tó bu ṣúgà sí ọ̀kan tó wá gbàgbé láti bu sí èkejì.

Tí ìwúkàrà ò bá rí ṣúgà jẹ mọ́, á kú, á sì rọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Ẹ wo ògì tí wọ́n sẹ́ sínú ìkòkò di ọjọ́ kejì: ògì á ti fìdí jókòó nísàlẹ̀, omidùn á sì tòrò lókè. Bí táǹkì wáìnì ṣe máa ń rí nìyẹn lẹ́yìn tí gbogbo híhó bá ti parí. Níbi púpọ̀ láyé, ohun tí àwọn olùṣe wáìnì funfun máa ń ṣe ni pé kí wọ́n tètè gbọ́n ọtí tó tòrò yẹn kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sínú táǹkì mìíràn. Àwọn ará Nantes kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi ọtí sílẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ títí òtútù ọdún yẹn á fi kọjá, wọn kò ní gbé e láti táǹkì kan sí òmíràn, inú táǹkì yẹn kan náà ni wọ́n á sì ti rọ ọ́ sínú ìgò. Òfin sọ pé kò gbọdọ̀ wọ ìgò kí oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé ìkórè tó dé.

Kí ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń ṣe fún un? Ohun mẹ́ta. Ìwúkàrà tó kú ń túká díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ ń yòrò sínú ọtí, á jẹ́ kó kún ẹnu, òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ààrò á sì wà nínú rẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Èkejì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ mu kó tó dé ara ọtí, nítorí náà ọtí kì í tètè rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni gáàsì. Níwọ̀n bí wọn kò ti gbé e kiri láti táǹkì dé táǹkì, díẹ̀ nínú gáàsì tí ìwúkàrà tú jáde ṣì há sínú rẹ̀. Tí ẹ bá rọ Muscadet tuntun sínú ife, ẹ tẹjú mọ́ ara gíláàsì: ẹ ó rí ìfóófó wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ọn, kò hó bíi ṣàmpéènì, kò sì ru. Ẹ fi í kan orí ahọ́n, á gún yín díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan fẹ́ hó àmọ́ kò hó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ó ti lọ.

Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ àṣà yìí. Wọ́n ní láyé àtijọ́, olóko kọ̀ọ̀kan máa ń ya àgbá kan tó dára jù sọ́tọ̀ nínú ìkórè ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn, torí ìgbéyàwó tàbí ayẹyẹ mìíràn nínú ẹbí. Níwọ̀n bí wọn kò ti fọwọ́ kàn án, orí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ló wà títí di ọjọ́ àríyá. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n rí i pé ó ta yọ gbogbo èyí tí wọ́n ti ń gbọ́n kiri. Ìtàn yìí bọ́gbọ́n mu lójú tèmi: àgbẹ̀ tó ní táǹkì púpọ̀ láti bójú tó kò ní déédéé fi ọ̀kan sílẹ̀ láìnídìí.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé àwọn ò fẹ́ sur lie nítorí àwọn ò fẹ́ mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú ìgò. Nínú táǹkì ló ti sùn lórí rẹ̀; nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò, èyí tó tòrò, tó mọ́ gaara, ni wọ́n ń gbà. Tí ẹ bá sì rí ohun wínníwínní kan bí hóró ṣúgà nísàlẹ̀ ìgò tó ti pẹ́ nínú òtútù, kíkan inú àjàrà ló dì bẹ́ẹ̀. Kò lè pa yín lára.

Táǹkì wọn fúnra rẹ̀ yẹ fún àfiyèsí. Lọ́pọ̀ ilé ìpọntí ìhà ibẹ̀, ẹ lè wọlé kí ẹ máa wò yíká pé níbo ni táǹkì wà, kí ẹ tó mọ̀ pé orí rẹ̀ gan-an lẹ dúró sí. Inú ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n, wọ́n sì fi táìlì gíláàsì tẹ́ inú rẹ̀, ihò tó ní ìdérí nìkan ló yọjú sókè. Ilẹ̀ ń mú kó tutù ní gbogbo ìgbà. Gíláàsì kò ní òórùn tí ó lè kó ran ọtí, kò dà bí àgbá igi tó máa ń fi òórùn èéfín àti fánílà sínú wáìnì. Melon kì í pariwo: òórùn rẹ̀ kò le, ó máa ń rán èèyàn létí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, èso píà tútù, nígbà mìíràn omi òkun. Tí wọ́n bá fi í sínú àgbá igi tuntun, igi ni ẹ ó máa mu. Nínú gíláàsì, ohùn rẹ̀ kékeré yẹn ni ẹ ó gbọ́.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa ka ara ìgò. Òfin tó ń dáàbò bo orúkọ wáìnì ní Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni Muscadet Sèvre et Maine gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀; orúkọ àwọn odò méjì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló ń jẹ́. Òun ló pọ̀ jù lọ́jà. Muscadet Coteaux de la Loire wà ní ìhà Ancenis, lókè odò, níbi tí òkun ti jìnnà díẹ̀. Muscadet Côtes de Grandlieu, tó gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní 1994, yí adágún omi ńlá kan ká ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nantes. Èyí tí kò ní ju Muscadet lásán lára lè wá láti ibikíbi nínú agbègbè náà. Kì í ṣe pé kò dára, ṣùgbọ́n tí n bá fẹ́ náwó lé e, Sèvre et Maine sur lie ni mo máa ń mú, kí n sì wò ó bóyá ẹni tó ni ọgbà ló rọ ọ́ sínú ìgò fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi mis en bouteille au domaine tàbí au château ló ń sọ ìyẹn.

Lókè gbogbo èyí ni àwọn abúlé tí wọ́n fún ní ẹ̀tọ́ láti kọ orúkọ ara wọn sí i. Ní 2011, mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbà wọlé: Clisson, Gorges àti Le Pallet, ìlú tí wọ́n bí Abélard, onímọ̀ ọgbọ́n orí, sí ní 1079. Ní 2019, Goulaine, Château-Thébaud, Monnières-Saint-Fiacre àti Mouzillon-Tillières wọlé bá wọn. Ní àwọn abúlé wọ̀nyí, ìkórè oko kò gbọdọ̀ pọ̀ tó ti ibòmíràn, ọtí sì gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ti Clisson àti ti Gorges kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 24.

Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọ̀rọ̀ sur lie ní àkókò tirẹ̀ nínú òfin. Ọtí tó bá pẹ́ ju àkókò yẹn lọ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Nítorí náà ẹ lè rí ìgò Clisson tí kò sí sur lie lára rẹ̀, kí ẹ rò pé kò sùn lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rárá, nígbà tó jẹ́ pé ó pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo àwọn tó kọ ọ́ gàdàgbà sára lọ. Orúkọ abúlé ni kí ẹ wá.

Òkúta ló fa ìyàtọ̀ láàárín àwọn abúlé náà, ìyẹn sì ni àwọn ará Nantes máa ń sọ títí tí oúnjẹ á fi tutù. Clisson wà lórí òkúta akọ, granite. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yanrìn, omi kì í dúró níbẹ̀, ó ń tètè gbóná, èso ibẹ̀ sì ń pọ́n dáadáa, nítorí náà ọtí rẹ̀ máa ń kún ẹnu, òórùn èso tó gbó á wà nínú rẹ̀. Gorges wà lórí gabbro, òkúta dúdú wíwúwo tí iná abẹ́ ilẹ̀ yọ́ kó tó tutù tó sì dì, amọ̀ ló sì bò ó lórí. Ilẹ̀ yẹn ń mú omi dání, kì í tètè gbóná, èso rẹ̀ ń pẹ́ kó tó pọ́n, ọtí rẹ̀ sì máa ń le koko nígbà èwe, àfi kí ẹ fún un ní ọdún bíi mélòó kan. Àwọn àgbẹ̀ kan tilẹ̀ ń kọ orúkọ òkúta, Granite tàbí Gneiss, sára ìgò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbòǹgbò àjàrà ń fa adùn òkúta wọ inú èso. Omi àti ooru tí ilẹ̀ ń pamọ́ tàbí tí ó ń jẹ́ kó lọ ni òkúta fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà sì tó iṣẹ́.

Tó bá dára tó báyìí, kí ló dé tí wọn ò kà á sí? Nígbà kan, wọ́n kà á sí jù. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1990, kò sí ilé oúnjẹ ní Paris tàbí London tí kò ní Muscadet, àwọn oníṣòwò ńlá sì ń rà á lójú méjèèjì. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó èso jọ lọ́pọ̀ láìbìkítà, ọtí wá di omi tó kan. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹrin 1991, ìrì dídì bọ́ lu àjàrà lóru nígbà tí ọ̀mùnú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ìkórè ọdún yẹn sì bá a lọ. Owó lé, àwọn oníbàárà wá ibòmíràn lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ tún jà ní 2008 àti ní 2021. Tó bá di oṣù Kẹrin, àwọn àgbẹ̀ kan máa ń jí lóru láti tan àbẹ́là ńláńlá sáàárín igi àjàrà kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè móoru díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti ta ilẹ̀ wọn. Àwọn tó kù, tí wọ́n tún ń fi oṣù 24 dúró de ọtí kan tí wọn ò lè tà lówó gọbọi, mo bọ̀wọ̀ fún wọn tọkàntọkàn.

Nǹkan kan ṣoṣo ló tún wà tí ẹ lè ṣì mú nítòsí Muscadet lórí pẹpẹ: Gros Plant du Pays Nantais. Agbègbè kan náà, àjàrà ọ̀tọ̀, Folle Blanche. Òun kan ju Muscadet lọ dáadáa, n kò sì ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó fi í bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ ni Muscadet wà fún. Ẹni tó bá mu ún lásán lẹ́yìn ohun mímu aládùn yóò bú u, èmi náà kò ní bá a jà. Ní Nantes, ọ́ísítà ni wọ́n máa ń gbé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran rírọ̀ inú ìkarahun tí wọ́n ń kó létí òkun, tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Iyọ̀ òkun inú ọ́ísítà ń mú kí kíkan ọtí rọlẹ̀, ọtí náà sì ń gé òórùn ẹja rẹ̀ kúrò. Wọ́n tún ní ọbẹ̀ kan, beurre blanc, tí ìlú náà ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀: àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè nínú wáìnì funfun àti ọtí kíkan títí omi rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tí wọ́n á wá máa pò bọ́tà tútù sí i díẹ̀díẹ̀ kúrò lójú iná tó le. Orí ẹja odò Loire ni wọ́n ń dà á sí. Bọ́tà yẹn pọ̀ débi pé láìsí ohun tó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu á sú èèyàn. Nílé tiwa, mo rí i pé edé àti akàn tí wọ́n fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sè bá a mu gan-an, ẹja díndín náà pẹ̀lú. Tí ata bá ti ta jù, ẹ kò ní mọ ìtọ́wò ọtí náà mọ́, ẹ mú nǹkan mìíràn.

Ẹ mu èyí tó jẹ́ sur lie lásán láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kó tutù dáadáa, nǹkan bí 8 sí 10 lórí ìwọ̀n Celsius. Ti àwọn abúlé, Clisson, Gorges àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ wọn á máa pọ́n lọ sí ti wúrà, kíkan wọn á sì wọra. Ẹ má ṣe mu wọ́n bí wọ́n ṣe ti inú fíríìjì jáde, torí òtútù yẹn á pa òórùn tí wọ́n fi oṣù 24 kó jọ. Ẹ gbé e sórí tábìlì fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ife.